Èdè Tí Mo Yàn fún Ọjọ́ Ìbí Ìyá Mi

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1985, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, ọkùnrin Faransé kan tí ó ń kọ́ni ní físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wa ní Kétu gbé páálí kan wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Kútọnu sì ti ń dúró dè é lójú títì. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ni ó wà nínú páálí náà, kò tóbi ju ìwé atúmọ̀-èdè lọ, pẹ̀lú rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan àti kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ó ní ẹrù òun ti pọ̀ jù. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà náà. Mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì, mo sì ní ìwé ìbí tí ó lè jẹ́rìí sí i. Ìyá mi kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Odòmẹ́ta ni ìyá mi ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún un. Ọjọọjọ́ Àìkú ni mo máa ń gun mobilẹ́tì mi lọ kí i. Lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, àwọn akọ̀wé ìjọba kọ ọ́ pé wọ́n bí i « vers 1918 ». Ọ̀rọ̀ Faransé yìí ni wọ́n máa ń kọ fún ẹni tí wọn kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ó lè jẹ́ ọdún náà, ó sì lè jẹ́ òmíràn nítòsí rẹ̀. Ìdajì àwọn àgbàlagbà orí ilẹ̀ Kétu ni wọ́n kọ ọ́ fún, kò sì sí ẹni tí ó bínú sí i bí ìyá mi, tí ó ń pè é ní *fẹ́ẹ̀*.

"Ewúrẹ́ mi pàápàá," ni ó máa ń wí, "mo mọ ọjọ́ tí ó bímọ. Èmi ni wọ́n wá kọ *fẹ́ẹ̀* sí lára."

Ohun tí ó ń dùn ún ju káàdì lọ ni aládùúgbò rẹ̀, obìnrin opó bíi tirẹ̀, tí ògiri amọ̀ kan ṣoṣo pààlà láàrin àgbàlá wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ dàgbà. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni aládùúgbò yìí, wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní ọmọ ọwọ́, ó sì ní ìwé tí a kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún ìbí rẹ̀ sí. Ìwé náà wà nínú agolo bísíkíìtì lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, àbúrò ni ó ń kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n, lórí ìkúnlẹ̀ sì ni. Nítorí náà, ní òròòwúrọ̀, àwọn ìyá méjì yìí á jáde sí ẹnu ọ̀nà wọn, ọ̀kan á wúkọ́, èkejì á wúkọ́, kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ lanu.

"Àbúrò mi, o kò tíì jí ni?" ni aládùúgbò náà á ké nígbẹ̀yìn.

"Ta ni àbúrò rẹ?" ni ìyá mi á fèsì. "Sọ pé orúnkún ń dùn ọ́ ni o kò fi lè kúnlẹ̀."

"Èmi ní ìwé."

"Ìwé ni ó bí ọ? Èmi, ìyá ni ó bí mi."

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀rín ìyá mi máa ń kọ́kọ́ tán.

Ní ọjọ́ kejì tí ẹ̀rọ náà dé ọwọ́ mi, mo sọ fún un pé mo ti ní ohun tí ó lè ṣe ìṣirò tí ènìyàn mẹ́wàá kò lè ṣe. Ó fi ẹ̀pà tí ó ń pa sílẹ̀.

"Ṣé ó lè wá ọjọ́ tí wọ́n bí mi?"

Mo ní kí ó sọ ohun tí ó mọ̀. Ohun mẹ́ta ni ó mọ̀, ẹnu ìyá tirẹ̀ ni ó sì ti gbọ́ wọn. Ìtàdógún Iléyá ni wọ́n bí i. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ọjọ́ ọjà Kétu sì ni, nítorí igbá ọjà ni ìyá rẹ̀ ń dì lọ́wọ́ nígbà tí ìrọbí mú un.

"Bí mo bá jẹ́ àbúrò rẹ̀," ni ó wí, ó sì fi ẹnu tọ́ka sí ògiri, "n ó kúnlẹ̀ kí i. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n mọ̀. N kò fẹ́ gbé *fẹ́ẹ̀* lọ sínú ilẹ̀."

Mo ṣèlérí fún un. Ìlérí náà kò le. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọjà Kétu ń padà, ọjọ́ méje méje ni Jímọ̀, ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n sì ni àwọn méjèèjì fi ń pàdé lẹ́ẹ̀kan. Oṣù ojú ọ̀run ni Iléyá ń tẹ̀ lé, ó ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá sún sẹ́yìn lọ́dọọdún. Àwọn àgbà Odòmẹ́ta gbà pé ìbí rẹ̀ kò lè jáde kúrò nínú ọdún mẹ́fà kan tí wọ́n dárúkọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin wọn fún mi. Ẹni tí ó mọ ìṣirò yóò ti rí i báyìí pé pẹ́ńsù àti ìwé tó fún iṣẹ́ yìí, pé ọ̀sán méjì péré ni yóò gbà. Mo rí i nígbà náà pẹ̀lú. N kò fi pẹ́ńsù ṣe é. Mo ti rò ó pé n ó ṣe ètò kan tí yóò wúlò fún gbogbo ẹni tí wọ́n kọ *fẹ́ẹ̀* fún lórí ilẹ̀ Kétu: kí wọ́n sọ ọjọ́ ọjà àti ọdún tí wọ́n rántí, kí ẹ̀rọ sì fún wọn ní ọjọ́ ìbí. Ìyá mi ni yóò jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ní láti yan èdè tí n ó fi bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀.

Ní yunifásítì, Fọtírán ni mo kọ́, lórí àwọn káàdì tí a lu ihò sí, ẹ̀rọ kékeré yìí kò sì gbọ́ ọ. Básíìkì ni wọ́n kọ́ mọ́ ọn nínú. Bí a bá ti tàn án, ó ti ń dúró dè wá. Ọ̀kan nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà gbé Pasikáàlì, èkejì gbé Lógò, ẹ̀kẹta jẹ́ eré tí mo fi sínú àpótí. N kò ní iná mànàmáná nílé. Bátìrì ọkọ̀ kan, tí mẹkáníìkì ń bá mi fi agbára kún ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ni ó ń gbé iná fún kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n kékeré tí mo so mọ́ ọn. Nítorí náà, mo ń ka wákàtí fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan, kí bátìrì má baà tán.

Ọ̀rẹ́ mi kan, tí ó gba ipò ọkùnrin Faransé náà ní kíláàsì físíìsì, wá wò ó.

"Básíìkì ni kí o lò," ni ó wí. "Ó wà nínú ẹ̀rọ. Tàn án, kọ ọ́, ó tán. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan."

"Mo fún un ní orúkọ tí n kò kéde rí," ni mo dáhùn, "ó gbà á, ó ní òdo ni iye rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣé irú èdè bẹ́ẹ̀ ni n ó fi wá òtítọ́?"

"Ọjọ́ ìbí ìyá rẹ ni o ń wá, kì í ṣe òtítọ́."

Mo bínú díẹ̀ sí i. Ìdáhùn mi sí i gba ojú-ìwé mẹ́tàlélógún nínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ mi, láti oṣù kẹjọ títí di oṣù kẹwàá. Mo fa ìlà, mo pín ojú-ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta, mo sì kọ ìwà èdè kọ̀ọ̀kan síbẹ̀: bí ó ṣe ń ka nọ́ńbà, bí ó ṣe ń wá ìṣẹ́kù lẹ́yìn pípín, ohun tí ó ń ṣe fún ẹni tí ó bá ṣìṣe. Mo kọ ètò kékeré kan náà ní ọ̀nà mẹ́ta, mo fi aago ọwọ́ mi wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe yá tó. Pasikáàlì wù mí. Kí a tó lo ohunkóhun nínú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ lókè pátápátá, kí a sọ irú ohun tí ó jẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní ṣí ilẹ̀kùn. Mo rí ara mi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ kò sí nínú páálí. Lógò ní tirẹ̀ gbọ́ Faransé, ó sì rọrùn. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún, tí ìjàpá kékeré kan ń rìn lórí ojú tẹlifíṣọ̀n, tí ó ń fa ìlà lẹ́yìn ara rẹ̀.

Ìyá mi ń béèrè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

"Èdè wo lo wá yàn?"

Mo ṣàlàyé ìjàpá náà fún un. Ó pa àtẹ́wọ́.

"Ìjàpá! Nínú gbogbo ẹranko, ìjàpá lo fẹ́ lọ bi ní ọjọ́ ìbí mi? Aládùúgbò, wá gbọ́! Ìjàpá ni ọmọ mi fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí!"

"Ẹlẹ́rìí àbúrò mi ni," ni ohùn wá láti ẹ̀yìn ògiri. "Ó yẹ ẹ́."

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó bi mí bóyá kò sí èyí tí ó gbọ́ Nàgó nínú wọn. Mo ní kò sí. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ọmọ mi, o ń wo eyín wọn bí ẹni tí ó fẹ́ gbé ìyàwó. Mú ọ̀kan. Èmi ni mo ń darúgbó."

Ní oṣù kẹwàá ni mo yan Pasikáàlì. Mo kọ lẹ́tà sí ojúlùmọ̀ kan ní Àjàṣẹ́ pé kí ó bá mi wá ìwé rẹ̀. Oṣù kejìlá ti dé ìdajì kí awakọ̀ kan tó gbé e fún mi. Ìgbà Ìyípadà ni, nígbà tí gbogbo wa ń jẹ́ kámáràdì, tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní oko tí ó gbọ́dọ̀ mú èso jáde, bí ọ̀gá wa bá sì ti rí mi pẹ̀lú ìwé náà lábẹ́ apá, á ní, "Kámáràdì pírófẹ́sọ̀, ẹ̀rọ yín ńkọ́? Ó ti yọ ọmọ àgbàdo?" Èmi náà á bá a rẹ́rìn-ín. Oṣù méjì ni mo fi dúró de ìwé kan, kò sì sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tí mo sọ fún ara mi pé kí n tan ẹ̀rọ, kí n fi Básíìkì wá ọjọ́ kan ṣoṣo fún obìnrin kan ṣoṣo.

Láti oṣù kìíní ọdún 1986 ni mo ti ń kọ ètò náà. Ní oṣù kejì, ìyá mi kò jáde sí ẹnu ọ̀nà mọ́ ní òwúrọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń wọlé wá bá a, tí ó ń jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, tí wọ́n sì ń bá ìjà wọn lọ ní ohùn kékeré.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí mo ṣe kọ ohun mẹ́ta tí ìyá mi sọ sínú kàyé. Ní Faransé ni mo kọ wọ́n, nítorí Faransé ni mo fi ń ṣírò láti ìgbà tí mo ti wọ ilé-ìwé. Fún ọjà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrọọrún, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ni a ń pè é, mẹ́rin ni mo kọ láìṣiyèméjì. Mo ti tẹ̀ lé ìyá mi lọ sí ọjà náà ní kékeré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi fi mọ iye ọjọ́ tí ó wà láàrin rẹ̀. Fún Jímọ̀, mo kọ méje. Fún ìtàdógún Iléyá, mo kọ ọ́ pé: ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn Iléyá. Mo kéde rẹ̀ lókè ètò gẹ́gẹ́ bí Pasikáàlì ti fẹ́, mo pè é ní nọ́ńbà tí kì í yí padà, mo sì fún un ní 17. Èdè náà gbà á. Kò sí àṣìṣe kankan nínú bí mo ṣe kọ ọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin, ètò náà ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́fà, ìlà mẹ́fà lójú tẹlifíṣọ̀n, « non », ìyẹn bẹ́ẹ̀ kọ́, sì ni ó wà ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Mo yẹ ìṣirò oṣù wò, mo yẹ ti ọjà wò. Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní í purọ́: ìgbéraga díẹ̀ wà nínú ìbànújẹ́ náà. Mo ti fi ìdí ohun kan múlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó sí ẹ̀bá ẹní rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀rọ náà ní kò sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀."

"Kò sí?"

"Kò sí, Màmá. Nínú gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó lè jẹ́ pé ìyá yín ṣì í sọ."

Ó wo àjà ilé. "Ìyá mi kì í ṣi ọjọ́ sọ," ni ó wí. Lẹ́yìn náà, láìbínú, bí ẹni tí ó ń parí ìṣirò kan, ó ní, "Ó dáa. Wọn kò bí mi nìyẹn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un bí iyè àwọn àgbà ṣe máa ń da ọdún méjì pọ̀. Mo sọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó ní kí n bá òun bu omi.

Nígbà tí mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, aládùúgbò náà ń dúró dè mí lójú ọ̀nà, kí n tó pa mobilẹ́tì.

"Kí lo sọ fún ìyá rẹ?"

"Kí ló dé, Ìyá?"

"Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ ọjọ́bọ̀. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn. Ó di ògiri mú, ó kúnlẹ̀, ó ní, 'Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.'" Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ta ni ó ní mo fẹ́ ẹ? Ogójì ọdún ni a ti ń jà sí i, ṣé mo sọ fún ọ pé mo fẹ́ kí ó parí ni?"

Mo pa mobilẹ́tì, mo wọlé lọ bá ìyá mi.

Ìyá mi kú ní òwúrọ̀ ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1986, nínú àwẹ̀, nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. A sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí. Kí a tó lọ wẹ ọwọ́, àwọn ẹbí ní ìtàdógún ni a ó pàdé láti pín àwọn ohun tí ó fi sílẹ̀.

Ní ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà, mo lọ tún ilé náà ṣe. Aládùúgbò rẹ̀ ń gbá àgbàlá ìyá mi, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Ìwọ náà ti dé," ni ó wí. "Ó dára. Ọ̀la ni ìtàdógún."

"Ọ̀tunla ni, Ìyá. Mo ti sàmì sí i lórí kàlẹ́ńdà."

Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka fún mi bí ẹni tí ó ń kọ́ ọmọdé: ọjọ́rú, ọ̀kan, ọjọ́bọ̀, èjì, Jímọ̀, ẹ̀ta. Ó kà á títí ó fi kan ọ̀la, ó sì pé mẹ́tàdínlógún.

"Ẹ ti ka ọjọ́rú tí a sin ín mọ́ ọn," ni mo wí.

Ó wò mí. "Ọjọ́ tí a sin ín, kì í ha ṣe ọjọ́ ni?"

Mo jókòó sórí àpótí tí ó máa ń jókòó lé nígbà tí ìyá mi ṣì wà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń kà: ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni ó máa ń jẹ́ ọ̀kan. Nítorí rẹ̀ ni ọjà ọjọ́ mẹ́rin fi ń jẹ́ ọrọọrún. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ìwé. Ìtàdógún Iléyá, tí a bá ka ọjọ́ Iléyá fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún péré ni ó wà lẹ́yìn Iléyá.

Ní Sátidé, ọjọ́ kejì ìpàdé ẹbí, mo tan ẹ̀rọ náà. Mo pa 17 rẹ́, mo kọ 16. Ìlà márùn-ún ní « non ». Ọ̀kan ní « oui », bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ ọjà Kétu ni, ó sì fi ohun tí ó ju ọdún kan lọ ṣáájú ọjọ́ tí ó wà nínú ìwé ìrìbọmi aládùúgbò rẹ̀. Ìyá mi ni ẹ̀gbọ́n.

N kò gbé e lọ sí Odòmẹ́ta lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kí ó dá mi lójú ní ọ̀tẹ̀ yìí. Mo lọ bá àáfà àgbà kan ní Kétu, mo bi í bí wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ Iléyá ní ìgbà èwe bàbá rẹ̀. Ó ní ojú lásán ni wọ́n fi ń wo oṣù; bí ìkùukùu bá bò ó, wọ́n á fi ọjọ́ kan kún un, ìlú kan sì lè ṣe é lónìí kí èkejì ṣe é lọ́la. Ìṣirò mi kò mọ ìkùukùu. Mo padà sílé, mo fi àyè ọjọ́ kan sílẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn. « Oui » méjì ni ó jáde. Èkejì fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta gbẹ̀yìn èyí àkọ́kọ́, ó sì mú ìyá mi jẹ́ àbúrò.

Nígbà náà ni mo rí ohun kan tí ó dùn mí ju àṣìṣe náà fúnra rẹ̀ lọ. Bí mo bá ti fi àyè ọjọ́ kan yìí sílẹ̀ ní oṣù kẹrin, àní pẹ̀lú 17 tí mo kọ, ẹ̀rọ náà ì bá ti fún ìyá mi ní ọjọ́ kan, nítorí 16 ì bá ti wà nínú àyè náà. N kò lè dá Pasikáàlì lẹ́bi. Ohun tí mo kéde fún un ni ó ṣe.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún aládùúgbò náà ní ọjọ́ Àìkú. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin láìdá mi lẹ́nu.

"Nítorí náà, ta ni ẹ̀gbọ́n nínú wa?"

"N kò mọ̀, Ìyá."

Ó mi orí. Ó ní láti ọjọ́ kejì ìsìnkú, kí òun tó gbá àgbàlá náà, òun máa ń kúnlẹ̀ sí ẹ̀bá ibojì kí i, òun kò sì ní í dáwọ́ dúró. Ó tún gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ méjèèjì ṣì wà nínú kàyé mi, lójú-ìwé kẹrìnlélógún, lẹ́yìn mẹ́tàlélógún tí mo fi yan èdè. N kò mọ èyí tí wọ́n bí ìyá mi nínú wọn.